Ojú Kámẹ́rà Kì í Ṣe Ojú Ọlọ́run

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Aṣọ, ìrìn àti ìṣesí ni àwọn àgbà ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n pa òwe yìí. Bí wọ́n bá wà láyé lónìí, tí wọ́n sì ń wo fíìmù nínú ilé wọn, ó dájú pé wọn yóò fi kámẹ́rà kún un.

Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà kan, ẹni àádọ́rin ọdún, tí ó jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí kámẹ́rà bá dúró lókèèrè díẹ̀, tí òǹwòran rí ilé, àgbàlá, adìyẹ tí ń jẹ̀ káàkiri àti àwọn ọmọ-ọmọ tí ń ṣeré lẹ́bàá ìyá náà, ohun tí yóò wá sí i lọ́kàn ni pé ìyá yìí ti ṣiṣẹ́ ayé, ó ń sinmi. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọn, tí ó dúró ní ọgbọọgba ojú rẹ̀, òǹwòran yóò rí àwọn ìlà tí ọjọ́ orí kọ sí i níwájú orí, yóò sì fẹ́ mọ ohun tí ìyá náà ń rò. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó ń wo àgbọ̀n àti ihò imú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tí iná sì ń tàn láti abẹ́ wá, àjẹ́ ni òǹwòran rí. Ìyá náà kò tíì sọ̀rọ̀. Kò dìde. Kò pààrọ̀ aṣọ. Ibi tí kámẹ́rà dúró sí àti iná tí ó bá a rìn nìkan ni ó yí padà, síbẹ̀ a ti dá ẹjọ́, ìyá sì ti jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ fíìmù Yorùbá kì í sábà dá sí, pàápàá jù lọ ní ilé ẹ̀kọ́. Wọn yóò béèrè kókó ìtàn. Wọn yóò béèrè ìfìwàwẹ̀dá, àhunpọ̀ ìtàn, ibùdó ìtàn àti ìlò èdè. Wọn yóò ka òwe inú fíìmù bí ẹni ń ka owó, wọn yóò sì fi ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ni kádìí ọ̀rọ̀. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ìwé eré oníṣe ni ènìyàn ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ báyìí, kì í ṣe fíìmù. Ẹni tí ó wo fíìmù tí kò béèrè ibi tí kámẹ́rà dúró sí kò tíì wòran. Wọ́n kàn fi ìran hàn án ni. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá sì ni láti kọ́ ọmọ ní ìbéèrè yìí, kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí ti oníṣẹ́ fọ́tò.

Ṣé igbá lásán ni kámẹ́rà?

Àwọn kan yóò takò ó. Wọn yóò ní igbá lásán ni kámẹ́rà, pé ọbẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni kí ènìyàn gbájú mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Igbá kì í yí adùn ọbẹ̀ padà. Kámẹ́rà ń yí adùn ìtàn padà. Ó sún mọ́ ẹnu ẹni tí ń ròyìn ju igbá lọ, nítorí pé bí a bá rán ènìyàn méjì ní iṣẹ́ kan náà, ọ̀kan lè jẹ́ iṣẹ́ náà kí ìjà bẹ́ sílẹ̀, kí èkejì jẹ́ ẹ kí ọkàn balẹ̀.

Láti mọ bí agbára yìí ti tó, ó yẹ kí ènìyàn rántí bí àwọn Yorùbá ti ń wòran kí fíìmù tó dé. Nígbà tí eégún aláré bá jáde ní gbàgede ọjà, agbo ni àwọn èrò ń ṣe yí i ká. Ẹni tí ó wà lẹ́bàá onílù ń wo iwájú agọ̀. Ẹni tí ó wà ní ìhà kejì ń wo ẹ̀yìn. Ọmọdé tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ àwọn àgbà, àgbékà ẹsẹ̀ ijó ni ó ń rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gun igi ń rí orí gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá sì wù lè gbé ojú kúrò lára eégún, kí ó wo bí ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ojú kálukú wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí ìran bá parí, àwọn èrò á bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lórí ohun tí wọ́n rí, nítorí pé kò sí ẹni méjì tí ó wò ó láti ojú kan náà.

Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979 àti Jáiyésinmi ní 1980, òun àti àwọn ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ kó eré kúrò lórí ìtàgé lọ sínú sinimá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa owó, nípa èrò tí ó wọ́ lọ wò ó, àti nípa idán inú rẹ̀. Àyípadà tí ó tóbi jù kò ní ariwo. Nínú gbọ̀ngàn ìtàgé, òǹwòran ni ó ń yan ẹni tí yóò wò. Nínú sinimá, ẹlòmíràn ti bá a yàn án. Gbogbo èrò inú gbọ̀ngàn náà, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, ojú tí olùdarí àti ayàwòrán yá wọn. Ẹni tí a yá ní ojú, ó yẹ kí ó béèrè ẹni tí ó ni ojú náà.

Ohun tí ibùdúró kámẹ́rà ń sọ

Kò nira láti ṣàlàyé oríṣi àwòrán tí ó wà. Àwòrán òkèèrè máa ń fi ènìyàn hàn láti orí dé ẹsẹ̀ pẹ̀lú àyíká rẹ̀. Bí ó bá jìnnà gan-an, ènìyàn á kéré bí èèrà lórí ilẹ̀ gbalasa. Àwòrán agbedeméjì ń fi ènìyàn hàn láti ìbàdí sókè, bí ìgbà tí ẹni méjì bá dúró tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Àwòrán àsúnmọ́ ń mú ojú nìkan, tàbí ọwọ́ nìkan, tàbí ọ̀bẹ tí ó wà lórí tábìlì. Bákan náà ni ìwò pín. Ìwò ojúkojú ni kí kámẹ́rà wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ojú ẹni tí a ń wò. Ìwò àtòkè ni kí ó wà lókè kí ó máa wo ìsàlẹ̀. Ìwò àtìsàlẹ̀ ni kí ó wà nísàlẹ̀ kí ó máa wòkè. Ìwò onídagẹ̀rẹ̀ sì ni kí kámẹ́rà fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ilé àti ènìyàn yóò fi dà bí ẹni fẹ́ ṣubú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí ni àwòrán àsúnmọ́ bí kì í bá ṣe òwe yìí gan-an? Ní 1928, Carl Theodor Dreyer, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ṣe fíìmù kan ní ilẹ̀ Faransé lórí ìgbẹ́jọ́ Joan of Arc, ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n dáná sun ní 1431. Fíìmù náà kò ní ohùn. Ojú òṣèrébìnrin náà, Falconetti, tí kò kun àtíkè kankan, ni ó sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀. Kámẹ́rà sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí òǹwòran fi lè ka omijé rẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rí i pé kò sí ìtumọ̀ òwe "ojú lọ̀rọ̀ wà" tí ó ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, wíwo ojú ènìyàn ní òfin tirẹ̀. Ọmọ kì í ranjú mọ́ àgbà. Ìlẹ̀kẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú adé ńlá, ó ń bo ojú ọba, kí ojú gbogbo ayé má baà máa lọ tààrà sí ojú igbá-kejì òrìṣà. Nígbà náà, tí kámẹ́rà bá kúrò láàárín èrò inú ààfin, tí ó kọjá àwọn ìjòyè, tí ó lọ dúró síwájú ọba, tí ó sì mú ojú rẹ̀ nìkan débi tí òǹwòran ń rí òógùn tí ń sàn ní ẹ̀bátí rẹ̀, kámẹ́rà ti ṣe ohun tí kò sí ìjòyè tí ó jẹ́ ṣe é. Nínú Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, orí adé àti ìlù ni ìtàn gbogbo dá lé: ọba tí ó kọ̀ láti mùlẹ̀, àti ìlù tí yóò sọ adé di ìpalára fún un. Ẹni tí yóò bá kọ́ ọmọ ní irú fíìmù bẹ́ẹ̀, tí kò béèrè ìgbà tí kámẹ́rà jìnnà sí ọba bí aráàlú àti ìgbà tí ó sún mọ́ ọn bí ẹni tí kò bẹ̀rù rẹ̀, ẹ̀kọ́ ìṣèlú inú fíìmù náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kèlání fúnra rẹ̀ jẹ́ ayàwòrán kí ó tó di olùdarí. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni ó fi ń jẹun ní tẹlifíṣọ̀n àti lẹ́yìn àwọn fíìmù àwọn ẹlòmíràn kí Ti Olúwa Nilẹ̀ tó jáde ní 1993. Kò yani lẹ́nu pé nínú iṣẹ́ rẹ̀, igi, ilé, ìlù àti ojú àgbà ń gba àyè bí ẹ̀dá ìtàn.

Àṣìṣe àwọn tí ń há a sórí

Àwọn mìíràn gbà pé kámẹ́rà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di àkọ́sórí. Wọ́n ya tábìlì kan sójú pátákó: ìwò àtìsàlẹ̀, agbára, ìwò àtòkè, àìlera, ìwò onídagẹ̀rẹ̀, ìdàrúdàpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ há a sórí, ó kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó gba máàkì, ó sì jáde láìlóye ohunkóhun.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú tábìlì náà. Ní 1935, Leni Riefenstahl gbé fíìmù Triumph des Willens jáde fún ẹgbẹ́ òṣèlú Nazi ní ilẹ̀ Jámánì, lórí ìpàdé tí wọ́n ṣe ní ìlú Nuremberg ní 1934. Fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkuukùu, nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ó gbé Hitler bọ̀, bí ẹni tí ń ti ọ̀run sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, léraléra ni kámẹ́rà wà nísàlẹ̀ tí ó ń wò ó sókè. Àwọn èrò ńkọ́? Wọ́n kan ẹ̀rọ agbéniròkè kékeré mọ́ òpó àsíá gíga kan kí ayàwòrán lè máa wo àwọn ọmọ ogun láti òkè, kí wọ́n dà bí ìlà tí a fi rúlà fà sórí ìwé. Ẹnì kan di òkè ńlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún di òkúta tí a tò. Kò sí ẹni tí ó ní láti pe Hitler ní òrìṣà nínú fíìmù náà. Kámẹ́rà ti kúnlẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Citizen Kane tí Orson Welles ṣe ní 1941, tí Gregg Toland sì ya. Nígbà tí Kane fìdí rẹmi nínú ìbò, tí ilé iṣẹ́ ìpolongo rẹ̀ ṣófo, tí ìwé já káàkiri ilẹ̀, ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti lọ sí ìsàlẹ̀ jù. Kódà, wọ́n gbẹ́ ihò sílẹ̀ kí kámẹ́rà lè wọlé sí i. Bí tábìlì ojú pátákó bá jẹ́ òótọ́ pátápátá, ó yẹ kí Kane lágbára jù lọ ní àkókò yìí. Àkókò náà gan-an ni agbára bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwò àtìsàlẹ̀ náà jẹ́ kí a rí àjà ilé tí ó tẹ̀ ba lé e lórí, ọkùnrin ńlá nínú yàrá tí kò gbà á mọ́.

Ní ilé Yorùbá pẹ̀lú, tábìlì náà kò ní dúró. Ta ni ń wo ènìyàn láti ìsàlẹ̀? Ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ ni. Ojú tí ó fi ń wo bàbá rẹ̀ ní àkókò náà kì í ṣe ojú ìbẹ̀rù dandan. Ó lè jẹ́ ti ọ̀wọ̀, ó lè jẹ́ ti ìfẹ́, ó lè jẹ́ ti ẹni tí ń retí ìre. Ta ni ń wo ènìyàn láti òkè? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó, tí ó gbé ọwọ́ lé e lórí, tí ó ń súre. Kò sí ẹni tí yóò wo ọmọ náà ní àkókò yẹn tí yóò ní aláìlera ni. Nítorí náà, ìtumọ̀ kò sí nínú ibùdúró kámẹ́rà nìkan. Ó wà nínú ìpàdé ibùdúró náà pẹ̀lú ìtàn, iná, ohùn, àti àṣà ẹni tí ń wò ó. Ẹni tí kò mọ àṣà kò lè ka kámẹ́rà já. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ yìí fi jẹ́ ti olùkọ́ Yorùbá.

Ẹjọ́ ẹnìkan

Bóyá ẹnì kan yóò ní eré ni fíìmù, pé bí kámẹ́rà bá tan ènìyàn jẹ nínú eré, kí ni ó burú níbẹ̀? Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò nínú eré kí ó wá sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ní 1986, G. Daniel Lassiter, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti Audrey Irvine tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ya ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan, níbi tí afurasí ti jẹ́wọ́ fún ẹni tí ń wádìí rẹ̀. Kámẹ́rà mẹ́ta ni ó yà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan dojú kọ afurasí nìkan. Ọ̀kan dojú kọ olùwádìí nìkan. Ẹ̀kẹta dúró sí ẹ̀gbẹ́, ó ń rí àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Àwọn tí ó wo èyí tí ó dojú kọ afurasí ni wọ́n sọ jù lọ pé tinútinú ni ó fi jẹ́wọ́, pé kò sí ẹni tí ó fipá mú un. Àwọn tí ó wo èyí tí ó dojú kọ olùwádìí ni wọ́n rí ìfipámúni jù. Àwọn tí ó rí ẹni méjèèjì wà láàárín.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ojú wà lára rẹ̀ ni ọkàn ń rò pé ó ń ṣe nǹkan. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn kámẹ́rà tàbí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ nìkan ń jáde, ọkàn ń gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ní 2007, Lassiter àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé àwọn adájọ́ àti ọlọ́pàá, tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà tipẹ́, kò bọ́ nínú pàkúté yìí. Ìmọ̀ òfin kò gba ojú lọ́wọ́ kámẹ́rà. Ní New Zealand, ó di ìlànà pé kí kámẹ́rà àwọn ọlọ́pàá máa wo afurasí àti ẹni tí ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò pa pọ̀.

Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí ìwádìí náà fi kún un ni pé ènìyàn lè gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì, kí ó sì jẹ́ pé ojú ẹnì kan ṣoṣo ni ó wò, kí ó sì ṣìkà láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, èyí tí wọ́n ṣe ní 2007 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2011, béèrè pé kí wọ́n ya fídíò bí afurasí bá fẹ́ jẹ́wọ́, tàbí kí ó sọ ọ́ níwájú agbẹjọ́rò. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015, ní ẹsẹ̀ 15, abala 4, gbà pẹ̀lú pé wọ́n lè ya ìjẹ́wọ́ sí fídíò. Ìgbésẹ̀ rere ni, ó sì yẹ ká dúpẹ́. Ṣùgbọ́n abala yẹn kò sọ ibi tí kámẹ́rà yóò dúró. Ẹni tí ó bá rò pé níwọ̀n ìgbà tí fídíò bá ti wà, òtítọ́ ti dé, kí ó tún rò ó. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì Yorùbá lónìí lè di ọlọ́pàá lọ́la, ó lè di adájọ́, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò jókòó níwájú kámẹ́rà náà.

Ìyá àgbà àti babaláwo

Pẹ̀lú ohun tí a ti rí yìí, ó yẹ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà ẹnu ọ̀nà. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá, ìlànà kan ti wà tí àwọn òǹwòran ti mọ̀ láìmọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọmọ ilé ńlá máa ń gba ìwò ojúkojú àti iná tí ó mọ́lẹ̀ kedere. Ìyá arúgbó tí ó ń dá gbé máa ń gba ìwò àtìsàlẹ̀, àsúnmọ́ lójijì, àti ilù tí ń dún gbì. Babaláwo náà kò yè. Kámẹ́rà á dagẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, á mú ẹnu rẹ̀ nìkan, á mú ojú rẹ̀ tí ó pọ́n nìkan, á kó agbárí àti aṣọ pupa kún ẹ̀yìn rẹ̀. Òǹwòran kò ní rí i bí ó ti ń kọ́ ọmọ ní odù, bí ó ti ń ṣa ewé, bí ó ti ń bá aláìsàn kẹ́dùn. Bẹ́ẹ̀ nínú Aiyé ti Ògúndé, babaláwo ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí olùgbèjà ìlú lọ́wọ́ àwọn àjẹ́.

Àwọn tí ń ṣe fíìmù lè dáhùn pé àwọn kò ro gbogbo èyí. Wọn yóò ní yàrá tí àwọn yá kéré, owó kò tó, ilẹ̀ ń ṣú lọ, ibi tí àyè wà ni àwọn gbé kámẹ́rà sí. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìyà tí wọ́n ń jẹ tí kò ní bá wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́, yálà ẹni tí ó jù ú mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bí àwòrán ti rí náà nìyẹn. Ọmọ tí ó ti wo ìyá arúgbó láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìlù ẹ̀rù nígbà ọgọ́rùn-ún kò ní béèrè bóyá owó ni kò tó ayàwòrán. Yóò kàn máa gba ojú ọ̀nà mìíràn lọ ilé ẹ̀kọ́, kí ó má baà kọjá níwájú ilé ìyá tí ń dá gbé ní àdúgbò rẹ̀. Ohun tí fíìmù kò sọ ní ẹnu ni ó gbìn sí i lọ́kàn, ẹni tí yóò sì jìyà rẹ̀ ni obìnrin tí kò ṣe ohun mìíràn ju pé ó dàgbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé fíìmù nìkan ni. Fọ́tò ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ebi ń pa, tí wọ́n yà láti òkè, tí ọmọ náà gbójú sókè bí ẹni ń tọrọ, ti mú owó jáde nínú àpò ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ òkèèrè. Ó sì ti kọ́ wọn láti máa wo odidi ilẹ̀ kan sílẹ̀. Olóṣèlú tí èrò rẹ̀ kò pọ̀ yóò ní kí ayàwòrán sún mọ́ àwọn tí ó wà níwájú, kí orí àti ọwọ́ kún inú àwòrán. Alátakò rẹ̀ yóò ya ibẹ̀ kan náà láti òkè, kí pápá òfìfo lè hàn. Fọ́tò méjèèjì, kò sí èyí tí ó parọ́, kò sì sí èyí tí ó sọ òótọ́ tán.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú olùkọ́

Àwọn kan yóò sọ pé ọgbọ́n òyìnbó ni, pé kíláàsì Yorùbá kò wà fún un. Ìwé kíkà náà, òyìnbó ni ó mú álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá, Yorùbá sì ti fi kọ ìtàn àti ewì tirẹ̀. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá lè kọ́ ọmọ láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ìjálá àti ẹ̀sà, kò sí ìdí tí kò fi lè kọ́ ọ láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú tí ń bọ̀wọ̀ àti ojú tí ń dáni lẹ́bi.

Kò gba owó. Olùkọ́ lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún fíìmù Yorùbá kan han kíláàsì, kí ó pa ohùn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́. Kí àwọn ọmọ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta péré: Níbo ni kámẹ́rà dúró sí? Báwo ni ó ti sún mọ́ tó? Ta ni ó wà níbẹ̀ tí kámẹ́rà kò jẹ́ kí a rí? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó le jù, òun náà sì ni ó wúlò jù.

Bí fóònù kan bá wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí ó sọ pé, "Mo ti dé." Kí wọ́n yà á láti òkèèrè. Kí wọ́n yà á láti ìsàlẹ̀. Kí wọ́n ya ojú rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi í han àwọn ọmọ kíláàsì mìíràn tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn ẹni tí ó dé: ṣé àlejò ni, ṣé olówó tí ó wá sin gbèsè ni, àbí ọmọ tí ó ti sọnù tipẹ́? Ìdáhùn tí wọ́n bá fọ̀ yóò kọ́ wọn ju ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́wàá lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yóò sì mọ̀ lára ohun tí ìyá àgbà inú fíìmù kò ní àǹfààní láti sọ: pé òun kò yí padà, ibi tí wọ́n ti ń wo òun ni ó yí padà.

Yorùbá ní olójú kì í là á sílẹ̀ kí tàlùbọ́ kó wọ̀ ọ́. Ọmọ Yorùbá ti la ojú sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti àárọ̀ títí di alẹ́, nínú ilé, nínú ọkọ̀, àti lórí ibùsùn. Olùkọ́ tí ó bá dákẹ́, tí ó ní òwe inú fíìmù nìkan ni òun yóò kọ́ ọ, ti fi ojú ọmọ náà sílẹ̀ láìní ìpéǹpéjú.